Perception: ọ̀rọ̀ tó ti oko dé orí àtẹ ìwà ìbàjẹ́

Bí ẹ bá gba Ìlárá kọjá ẹnubodè, tí ẹ dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹ wá ní kí wọ́n júwe ibi tí wọ́n ń pè ní perception fún yín, wọn kò ní mú yín lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan. Ibi tí owó ìjọba wà ni wọn óò júwe. Recette-perception ni orúkọ tí àwọn Faransé fi sílẹ̀ fún ọ́fíìsì tó ń gba owó ìjọba ìbílẹ̀, tó sì ń tọ́jú rẹ̀. Receveur-percepteur ni orúkọ oyè ẹni tó jókòó sídìí owó náà. Ọmọ Kétu tí kò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí mọ iṣẹ́ tí perception ń ṣe: owó ló ń gbà.

Àwa tí a wà ní ìhà ìhín, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọ̀rọ̀ náà fún wa, ohun tó sì wí fún wa yàtọ̀. Lẹ́nu olóṣèlú àti oníròyìn ilẹ̀ Nàìjíríà, perception ni ojú tí ayé fi ń woni. Ẹ bi gómìnà léèrè ìdí tí ìlú fi ń kùn, á ní perception lásán ni. Ẹ bi ẹni tó ń polówó ọjà, á ní perception ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń fi dá ara rẹ̀ láre, èkejì ń fi pa owó, kò sì sí èyí tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹni tó ń wo òun rí gan-an. Iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè tí mò ń ṣe ti kọ́ mi láti máa tọpa ọ̀rọ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo tọ èyí délé, mo rí i pé àwọn ará Kétu sún mọ́ ìdí rẹ̀ jù wá lọ fíìfíì.

Látìn ni ilé náà. Capere ni kí èèyàn mú nǹkan, kí ó fọwọ́ gbá a mú. Per tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀ ń sọ pé mímú náà parí, kò ku síbì kan. Percipere, nígbà náà, ni kí a mú nǹkan tán, kí a kó o wọlé. Ohun tí àgbẹ̀ Róòmù sì ń kó wọlé ni ọkà, àjàrà àti ólífì. Cicero, agbẹjọ́rò tó tún jẹ́ olóṣèlú, kọ ìwé De Officiis fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Jésù. Níbi tó ti ń sọ pé láìsí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò lè sí oko dídá, kò lè sí ìkórè, kò lè sí ìpamọ́ irè, perceptio ni ó pe ìkórè yẹn. Ní ọdún tó ṣáájú, ọkùnrin yìí kan náà ti kọ Academica, ó sì ti lo perceptio níbẹ̀ fún ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì ń pè ní katalepsis, ìyẹn ni kí ọkàn gbá òtítọ́ kan mú débi pé kò ní yọ̀ bọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ lóko, tó tún ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn, kò sì sí ẹ̀rí pé Cicero rí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀.

Àwọn amòfin Róòmù fún ìkórè yìí ní agbára tó yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá fún ẹnìkan ní ẹ̀tọ́ láti máa jẹ èso oko tí kì í ṣe tirẹ̀, èso náà kì í di tirẹ̀ nígbà tó bá pọ́n. Kì í di tirẹ̀ nígbà tó bá já bọ́ lórí igi pẹ̀lú. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀, tàbí ẹni tó rán, bá ṣà á ló tó di tirẹ̀. Bí olè bá yọ́ wọlé ká a kí ó tó débẹ̀, olóko ni olè jà lólè. Perceptio ni orúkọ ṣíṣà náà nínú òfin. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi oko kòkó dógò ní Oǹdó tàbí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà á mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré: igi jẹ́ ti ẹnìkan, èso ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ẹjọ́ rẹ̀ sì lè gùn ju ọjọ́ ayé ẹni tó yáwó lọ.

Faransé jogún méjèèjì. Títí di òní, percevoir ni kí onílé gba owó ilé, percevoir náà ni kí etí gbọ́ ariwo lókèèrè. Láti ọwọ́ àwọn Norman tó ṣẹ́gun England ni ọ̀rọ̀ ilé Faransé ti ya wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti wà nínú ìwé wọn láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Díẹ̀díẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì jáwọ́ nínú owó àti irè oko, ó di ti ọkàn nìkan mú.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Cicero, nítorí òun ló pa ìtàn kan mọ́ tí n kò lè fò dá. Zeno, ọmọ Kition ní erékùṣù Cyprus, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ọgbọ́n ní Áténì, máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń mọ nǹkan. Á na àtẹ́lẹwọ́ jáde, ìka gbogbo ṣí sílẹ̀, á ní bí nǹkan ṣe kọ́kọ́ hàn sí wa nìyí. Á ká ìka kò díẹ̀, á ní ìgbà tí a bá gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí nìyí. Á wá di ìka pọ̀ di ẹ̀ṣẹ́. Èyí ni katalepsis, èyí ni Cicero sọ di perceptio. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ òsì di ẹ̀ṣẹ́ yẹn mú pinpin, á ní ìmọ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó ní in àfi ọlọ́gbọ́n.

Ẹ kíyè sí ibi tí perception wà nínú eré ọwọ́ yìí. Kò sí ní àtẹ́lẹwọ́. Ohun tó kàn hàn sí wa, tó kàn dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ló rí, Zeno ní orúkọ mìíràn fún un, ó sì mọ̀ pé ó lè tan ni jẹ. Ẹ̀ṣẹ́ ni perception. Ẹni tó bá sọ pé òun ní in ń sọ pé òun ti dì í mú.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá ni, tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ ojú àti etí. Ṣé ohun tí ọwọ́ mọ̀ ni ojú náà mọ̀? William Molyneux, ará Dublin tí ìyàwó rẹ̀ fọ́jú, gbé irú ìbéèrè yìí kalẹ̀ ní 1688. Ká ní wọ́n bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, ó sì ti fi ọwọ́ mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àpótí onígun mẹ́rin. Bí ojú rẹ̀ bá là lọ́jọ́ kan, tí wọ́n gbé méjèèjì ka orí tábìlì, ṣé yóò lè fi ojú nìkan sọ èyí tó jẹ́ bọ́ọ̀lù kí ó tó fọwọ́ kàn án? John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará England, tẹ ìbéèrè náà sínú ẹ̀dà kejì ìwé rẹ̀ ní 1694. Molyneux ní rárá, kò ní lè ṣe é. Locke gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n Yúróòpù jà sí i fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láì wo ojú afọ́jú kan.

Pawan Sinha, ọmọ Íńdíà tó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ló wá wò ó. Ó dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Project Prakash, láti máa wá àwọn ọmọdé rí nílẹ̀ Íńdíà tí ojú wọn bò láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ abẹ lè là á. Ní 2011, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ọmọ márùn-ún tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 8 sí 17. Wọ́n dán wọn wò láìpẹ́ lẹ́yìn tí ojú wọn là. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan nǹkan kan, tí wọ́n tún fọwọ́ wá a láàárín méjì, wọ́n ń mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fojú rí i, tí wọ́n tún fojú wá a, wọ́n ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wá fojú wá a, ńṣe ni wọ́n ń méfò. Ojú ti là o, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, nǹkan hàn kedere, síbẹ̀ ojú kò rí ohun tí ọwọ́ ti mọ̀ látọjọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n tún dán lára wọn wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti yàtọ̀ gidigidi. Ojú ń kọ́ṣẹ́.

Èyí kò ní ya Ibn al-Haytham lẹ́nu. Wọ́n bí i ní Basra, ó ṣiṣẹ́ ní Káírò, ìgbà tí ọ̀rúndún kọkànlá bẹ̀rẹ̀ ló kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ojú àti ìmọ́lẹ̀. Nínú rẹ̀ ló ti ta ko àwọn Gíríìkì tó ní ojú ló ń ta ìtànṣán jáde bá nǹkan. Ó ní láti ara nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọ ojú. Ó fi kún un pé púpọ̀ nínú ohun tí a pè ní rírí jẹ́ ìdájọ́ tí ọkàn ń ṣe kíákíá, débi pé a kì í mọ̀ pé a dájọ́. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń lò fún èyí ni idrāk. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéwú ti mọ ọ̀rọ̀ náà láti inú Súrà al-Anʿām, ẹsẹ 103, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé àwọn ojú kò lè ká Òun mọ́, Òun ló ká gbogbo ojú mọ́. Àmọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn Mùsá nínú Súrà kẹrìndínlọ́gbọ̀n, nígbà tí wọ́n rí ọmọ ogun Fáráò lẹ́yìn tí wọ́n sì figbe ta pé ọwọ́ ti tẹ̀ wá. Lílé nǹkan bá ni. Àgbẹ̀ ni Látìn, ọdẹ ni Lárúbáwá. Jámánì tirẹ̀ ń sọ Wahrnehmung. Ẹni tó bá gbọ́ wahr á rò pé òtítọ́ ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé ìṣọ́ra ni wahr yẹn ti wá, òun àti aware ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹbí.

Àwa ńkọ́? Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, n kò sì rò pé a jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. A mọ̀ pé ẹni tó ń wò lè má rí. A mọ̀ pé gbọ́ kì í ṣe ti etí nìkan: imú ń gbọ́ òórùn, ẹni tó lóye Haúsá gbọ́ Haúsá, ọmọ tó ń ṣe ohun tí a wí ló gbọ́ràn. Ohun tí ojú kò rí, tí etí kò gbọ́, ara lè mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ la ti rí ìmọ̀lára. Ẹni tó bá tú àṣírí ète kan kó tó dójú ẹ̀ ti kẹ́fín rẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí ohunkóhun, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó fura. Nínú gbogbo wọn, ojú la fún ní ìjókòó ẹlẹ́rìí: ìròyìn ò tó àfojúbà.

Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà, àti J. O. Ṣódípò, tí àwọn méjèèjì jọ ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Èkìtì láti bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń pè ní ìmọ̀ àti ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbàgbọ́. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986. Ìdáhùn àwọn oníṣègùn le ju ti àwọn òyìnbó lọ. Wọ́n ní ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Gbogbo ohun tó kù, ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní ilé ìwé, ohun tí o kà, ohun tí bàbá rẹ sọ, ìgbàgbọ́ ni: o gbà á, o gbọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ lè di ìmọ̀ bí ojú bá padà bá a, ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kí olúwarẹ̀ má pè é ní ìmọ̀. Bí wọ́n bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ohun tí mo mọ̀ kò ní kún ojú ewé kan. Zeno tí ń fi ọwọ́ òsì di ẹ̀ṣẹ́ mú àti oníṣègùn Èkìtì tí kò gbà pé ìwé kíkà jẹ́ ìmọ̀, mo rò pé wọn ì bá gbọ́ ara wọn yé bí wọ́n bá pàdé.

Ẹ wá wo ohun tó mú perception wọ ilé wa. Ní 1993, Peter Eigen tó ti ṣiṣẹ́ ní Báǹkì Àgbáyé dá Transparency International sílẹ̀, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, wọ́n fi Berlin ṣe ibùjókòó. Ní 1995 wọ́n gbé àtẹ kan jáde, Corruption Perceptions Index, láti to àwọn orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí ìwà ìbàjẹ́ wọn ti hàn tó. Ní 1996 wọ́n to orílẹ̀-èdè 54, Nàìjíríà ló ṣe ìkẹrìnléláàádọ́ta. Ní 1997 wọ́n to 52, àwa la gbẹ́yìn. Ní 2000 wọ́n to 90, àwa náà ni. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lára àwọn tó bá wọn dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn wọn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àtẹ 1996 jáde, ẹ̀wọ̀n Abacha ló wà. Nígbà tí ti 2000 jáde, òun ni ààrẹ.

Mo rántí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn ní Ìbàdàn nígbà náà, níbi tí àwa tí a kì í rà á, tí a kàn ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń kóra jọ sí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń bínú. Ó ní, “Ta ni wọ́n bi léèrè? Ẹnikẹ́ni ò bi mí.” Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní wọ́n bi yín ńkọ́?” Bàbá ronú díẹ̀, ó ní, “Èwo ló gbẹ́yìn nínú ipò yẹn? Kí wọ́n fún wa.” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ni ìwé ìròyìn sì ní kí ẹni tó bá ti kà tán jọ̀wọ́ ká a padà bó ṣe wà.

Ìbéèrè bàbá yẹn dára ju ẹ̀rín tó gbẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń ṣe ìtúpalẹ̀ ọ̀rọ̀ ajé ni wọ́n ń bi, nínú ìwádìí tí àwọn àjọ mìíràn ṣe, tí Transparency International wá ń pa pọ̀ di máàkì kan. Kò sẹ́ni tó ka owó. Ta ni yóò kà á, nígbà tí ẹni tó ń gba rìbá kì í kọ rìsíìtì? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi perceptions sínú orúkọ àtẹ náà, mo sì gbà pé ìwà òótọ́ ló mú wọn fi í síbẹ̀. Àwa la máa ń yọ ọ́ kúrò. Oníròyìn á kọ ọ́ pé Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó bàjẹ́ ṣe ipò báyìí lágbàáyé, bíi pé ẹnìkan lọ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Agbẹnusọ ìjọba á tún sá pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn kan náà, á ní perception lásán ni. Bí máàkì wa bá sì lọ sókè, ẹ kì í gbọ́ “lásán” yẹn mọ́. Wọn á ké e kiri gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí iṣẹ́ rere. Láti 2012 ni wọ́n ti yí òṣùwọ̀n padà sí 0 dé 100, tí a kò sì gbọ́dọ̀ fi máàkì ìgbà yẹn wé ti ìsinsìnyí. Wọ́n ṣì ń fi wé e. Ní 2024, 26 ni wọ́n fún wa, ipò 140 nínú 180.

Tèmi ni pé àtẹ yẹn kò tíì di ẹ̀ṣẹ́. Ìka tó ká kò díẹ̀ ni: àwọn èèyàn tó sún mọ́ ibi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Lójú oníṣègùn Èkìtì, ìgbàgbọ́ ni, ìgbàgbọ́ kì í sì í ṣe irọ́. Ẹni tó bá pè é ní ìmọ̀ ti fi kún un, ẹni tó bá ní kò jẹ́ nǹkankan ti jí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkórè, tó di orúkọ ẹni tó ń gba owó orí, wá di orúkọ àtẹ àwọn tó ń kó owó ìlú, síbẹ̀ nínú orúkọ yẹn gan-an ni kò ti sí ọwọ́ tó mú ohunkóhun.

Fún ìdí yìí, bí ó bá kàn mí láti túmọ̀ orúkọ àtẹ náà, n kò ní fi òye sí i, n kò sì ní fi “ojú tí ayé fi ń wò wá” sí i, nítorí ìyẹn ti gbè sẹ́yìn ìjọba jù. Àtẹ Ìfura lórí Ìwà Ìbàjẹ́ ni n óò kọ. Àgbà ní ìfura loògùn òun, ilé ẹjọ́ kan kò sì lè torí ìfura nìkan ju èèyàn sẹ́wọ̀n. Méjèèjì jẹ́ òótọ́ nípa àtẹ yẹn. Mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n bí òun bá ka “ìfura” lórí afẹ́fẹ́, ọ̀gá òun á bi òun pé ta ló ń fura sí ta.